Igi dúró, ilé jóná

Lẹ́yìn tí iná jó Los Angeles ní January 2025, àwòrán kan wà tí gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yin náà á ti rí irú ẹ̀. Ilé ti di eérú, ṣímínì nìkan ló ṣẹ́kù, mọ́tò tó wà níwájú ẹ̀ ti yọ́, àmọ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn ṣì dúró digbí, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kálukú ló wá ní àlàyé tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn ní ìjọba ló fi iná kan láti ojú sánmà sun ilé àwọn èèyàn, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní iná Ọlọ́run ni torí iná ayé kì í ṣa ohun tó máa jó. Ẹ̀gbọ́n mi ẹ má bínú, màmá ẹ má bínú, iná ayé ń ṣa ohun tó máa jó dáadáa, ohun tó gbẹ ló máa ń ṣà.

Igi tútù lómi nínú. Kí iná tó jó o, ó ní láti kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde, ìyẹn sì ń gba ooru, ó ń gba àsìkò. Ilé ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ má rò pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń kọ́lé ní California níbí o, pákó ni, pákó tó ti gbẹ láti bí ogójì ọdún, tí àga onítìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ kún inú ẹ̀. Omi tí iná fẹ́ lé jáde nínú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ní Paradise náà, ìlú kan ní àríwá California, ní November 2018, ohun kan náà ni wọ́n rí: ó lé ní 18,000 ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó jóná nínú iná Camp yẹn, èèyàn 85 kú, àìmọye igi páìnì sì ṣì wà lórí ìdúró láàárín àwókù.

Èmi ń gbé ní àríwá California, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Sierra Nevada, ibi tí koríko ti máa ń gbẹ láti May títí òjò á fi rántí wa. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí ni. Ẹ̀rù ń bà mí jàre. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ bí iná ṣe ń wọlé, ẹ̀rù igbó ò bà mí tó ti àgbàlá èmi fúnra mi.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jack Cohen, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣèwádìí iná fún Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó. Níparí àwọn ọdún 1990, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Northwest Territories ní Kánádà, wọ́n dáná sun igbó gidi, irú iná tó ń gba orí igi lọ yẹn, wọ́n sì ti na ògiri pákó ró síwájú igbó náà, àwọn kan ní mítà 10, àwọn kan ní mítà 20, àwọn kan ní mítà 30. Èyí tó wà ní mítà 10 gbiná nígbà míì. Èyí tó wà ní mítà 30, pákó ẹ̀ ò tiẹ̀ yí àwọ̀ padà. Igbó odidi ń jó gbúgbú lọ́ọ̀ọ́kán, ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀ ògiri pákó ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń jó ilé tó jìnnà sí igbó ní máìlì kan? Àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí iná bá jóko, màjàlà á ṣòfófó. Màjàlà ti California burú ju olófòófó lọ, torí ó ṣì ń pọ́n nígbà tó bá ń fò, atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní Santa Ana ní gúúsù, tàbí Diablo lápá Bay Area, ìyẹn agbègbè San Francisco, á gbé e lọ síwájú iná gan-an, á máa rọ̀ sórí òrùlé bí òjò. Ní October 2017, iná Tubbs fò kọjá ọ̀nà márosẹ̀ 101 ní Santa Rosa, ó bọ́ sí àdúgbò Coffey Park. Ẹni tó bá mọ Coffey Park mọ̀ pé kò sí igbó níbẹ̀, ilé àti gáréèjì àti lọ́ọ̀nù ni, ilé ń tinú ilé gbiná títí àdúgbò fi lọ kanlẹ̀.

Nítorí náà ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, kó máa lọ sí ìta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ níbí gbé owó ńlá fún àwọn agégi kí wọ́n wá gé àwọn igi oak tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ẹ̀, igi tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀, igi tútù tó ń ṣíji bo ilẹ̀. Mo dé ilé ẹ̀, ewé gbígbẹ kún inú gọ́tà etí òrùlé fọ́fọ́, ẹní ìnusẹ̀ onírun àgbọn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, òdòdó gbígbẹ wà lábẹ́ fèrèsé, igi ìdáná jókòó ti ògiri lẹ́yìnkùlé. Mo ní bọ̀dá, ẹ ti lé ẹni tó ń kọjá lọ, olè ṣì wà ní pálọ̀.

Òfin California ti wà tipẹ́ pé ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ìgbẹ́ lè dé gbọ́dọ̀ tọ́jú ilẹ̀ tó yí ilé ẹ̀ ká títí dé ẹsẹ̀ bàtà 100, tàbí títí dé ààlà ilẹ̀ ẹ̀ tí ilẹ̀ náà ò bá tó bẹ́ẹ̀. Àwọn panápaná CAL FIRE pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ látara ògiri, wọ́n ń pe ìyẹn ní Zone 0, lẹ́yìn náà Zone 1 títí dé ẹsẹ̀ bàtà 30, lẹ́yìn náà Zone 2 títí dé 100. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 ló mú Zone 0 wọlé, ariwo tí àwọn onílé sì ti pa lé e lórí ò kéré, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ayé ń gbin òdòdó sí.

Zone 0 ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí ẹ̀.

Nínú ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn, ohunkóhun tó lè gbiná, ẹ kó o kúrò. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Èmi àti ìyàwó mi fa ọ̀rọ̀ rosemary tó wà lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì títí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ, ó ní òun fi ń se ẹran, mo ní òróró ló wà nínú ewé yẹn, tó bá gbiná gíláàsì fèrèsé á là, iná á wọlé. A gbé e lọ sínú ilẹ̀ tó jìnnà díẹ̀, ó ṣì ń fi se ẹran. Igi kúkúrú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní juniper, ẹni tó kọ́lé wa ló gbìn ín yí ilé ká, tẹ́ ẹ bá wò ó látìta ó tutù, ẹ wá fi ọwọ́ ya á, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ewé gbígbẹ ló kún bí ìtẹ́ ẹyẹ. Àwọn panápaná ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Gbogbo ẹ̀ ni mo hú.

Mulch ńkọ́, ìyẹn pákó wẹ́wẹ́ àti èèpo igi tí wọ́n ń dà sídìí òdòdó kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ? Ohun tó dáa ni fún òdòdó. Látara ògiri, rárá. Màjàlà kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú ẹ̀ á máa jó wúyẹ́wúyẹ́ nísàlẹ̀, ẹ ò ní rí iná, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí ẹ ti sá lọ tán, òun náà á wá jí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo dà síbẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó kọ́kọ́ rí bí iwájú báńkì lójú mi, àmọ́ ó ti mọ́ mi lára.

Fẹ́ǹsì onípákó tó lẹ̀ mọ́ ilé, ọ̀nà tí iná ń tọ̀ wá sílé nìyẹn. Kò pọn dandan kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀, apá tó kan ilé yẹn ni kí ẹ fi irin pààrọ̀. Abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle onípákó tó yọ síta lára ilé, ẹ kó gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ tò síbẹ̀ jáde. Gọ́tà etí òrùlé, ẹ gbá a, pàápàá tí igi páìnì bá wà nítòsí, torí ewé páìnì tó dà bí abẹ́rẹ́ yẹn tó bá gbẹ tán kò jẹ́ nǹkan míì ju iṣáná lọ. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ àjà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó, kí ojú ẹ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì. Ìyẹn ò kan ewéko ṣá, àmọ́ mi ò lè sọ̀rọ̀ màjàlà kí n má sọ ibi tó ń gbà wọ àjà.

Ó wá ku tiwa, àwa Yorùbá. Ilé Yorùbá wo ló wà ní Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀yìnkùlé tí kò ní igi ìdáná? Ọjọ́ ìkómọ ń bọ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó ń bọ̀, ìrẹsì òde ò sì lè dùn bí kò bá kan èéfín, gbogbo wa la mọ̀. Igi wà níbẹ̀, àpò èédú wà níbẹ̀, àdògán wà níbẹ̀, sílíńdà gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo wọn fara ti ògiri kí òjò má baà pa wọ́n. Ẹ gbé igi yẹn lọ sókèèrè, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé, kí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 tó yí i ká sì mọ́ roro, kó jẹ́ erùpẹ̀ lásán. Èédú ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú garawa onírin tó lọ́mọrí. Nǹkan tí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn mi ò ní fẹ́ gbọ́ nìyí, mo sì ti sọ ọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ìyá wa ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ Zone 0, wọ́n sì ń ṣe é. Ní Òkè-Ògùn, tí ọyẹ́ bá ti dé, tí ẹ̀rùwà ti gbẹ, tí àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun pápá torí ọ̀yà àti òkété, ẹ lọ wo àgbàlá abà, wọ́n á ti gbá a títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, koríko kankan ò ní sún mọ́ ògiri. Bẹẹrẹ ló wà lórí ahéré, ẹni tí orí ilé ẹ̀ jẹ́ koríko ò lè fi koríko sílẹ̀ nísàlẹ̀. Torí ejò ni, torí pé ó rẹwà lójú ni, torí iná náà ni. Wọ́n tún máa ń la ọ̀nà yí oko iṣu ká, wọ́n á ro ó kanlẹ̀ kí iná tó ń bọ̀ látoko ẹlòmíì má rí nǹkan jẹ kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní yunifásítì.

Tí ẹ bá wá kọjá ẹsẹ̀ bàtà 5, ọ̀rọ̀ á rọ̀ díẹ̀. Ní Zone 1 ẹ lè gbin nǹkan, ẹ kàn máa bomi rin ín, ẹ máa kó ohun tó ti kú, kí ẹ̀ka igi má sì sún mọ́ ṣímínì tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù níbẹ̀ ni kí iná ilẹ̀ rí nǹkan gùn dé orí igi. Koríko á fún igbó kúkúrú, igbó kúkúrú á fún ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á fún orí igi, ó parí. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè látilẹ̀. Tí igbó kúkúrú bá wà lábẹ́ igi náà, àlàfo tó wà láàárín orí igbó yẹn àti ẹ̀ka tó kéré jù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga igbó yẹn, ìyẹn ni pé igbó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 ń fẹ́ àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 15. Ó sàn kí ẹ kúkú yọ igbó náà.

Zone 2, koríko ni. Kó má ga ju ínǹṣì 4 lọ. Ẹ má ro ó di pápá ìbọ́ọ̀lù o, mo ti rí àwọn tó fi katakátá họ gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè wọn, òjò àkọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Gbòǹgbò ló di òkè mú. Ẹ wo Montecito, ìlú kan ní gúúsù California: iná Thomas jó àwọn òkè tó wà lókè ìlú yẹn ní December 2017, òjò rọ̀ ní January 9, 2018, ẹrẹ̀ àti àpáta ya lulẹ̀ lóru, èèyàn 23 ló bá a lọ. Iná ló gba ewéko lórí òkè tìyẹn, àmọ́ omi ò bìkítà bóyá iná ló kó ewéko lọ tàbí katakátá.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì, mo tiẹ̀ rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Koríko tí ẹ gé ní May tó ṣì rọ̀, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Èyí tí ẹ gé ní August, ẹ̀rọ agékoríko kan òkúta, ó ta iná, ẹ̀yin gan-an lẹ dáná ìgbẹ́ tí ẹ ń sá fún. Torí ẹ̀ ni CAL FIRE fi ń sọ pé kí ẹ gé e kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, kí ẹ má gé e rárá lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ẹ má rò pé wọ́n ń dẹ́rù bà yín lásán. Lọ́dún 2018 àgbẹ̀ kan rí ihò agbọ́n nínú ilẹ̀ ẹ̀, ó gbé òòlù, ó ń gbá irin wọlẹ̀ láti fi dí ihò yẹn, irin ta iná sínú koríko gbígbẹ, ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni iná Ranch, ó jó ju éékà 400,000 lọ. Torí agbọ́n.

Nílé náà wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ àsìkò yìí. Ní Olókemèjì, igbó ọba tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan lọ́dún 1929: apá kan, wọ́n ń sun ún níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan níparí ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan wọn ò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Èyí tí iná ò kàn di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanranjangbọn, igi ibẹ̀ ń kú, koríko gba gbogbo ẹ̀. Iná kan náà, ilẹ̀ kan náà, oṣù tí wọ́n dáná ló yàtọ̀.

Tí ilẹ̀ yín bá tóbi tí ẹ̀yìn sì ń dùn yín, ẹ háyà ewúrẹ́. Mi ò ṣeré. Iṣẹ́ gidi ni níbí, wọ́n á kó agbo ewúrẹ́ wá nínú ọkọ̀, wọ́n á fi wáyà oníná yí wọn ká, wọ́n á jẹ ibi tí ẹ̀rọ ò lè gùn. Ní May 2019 wọ́n kó 500 ewúrẹ́ lọ sí Reagan Library, ilé ìkówèésí tí wọ́n fi sọrí Ààrẹ Reagan, ní Simi Valley, wọ́n jẹ igbó tó yí ibẹ̀ ká. Ní October ọdún yẹn iná Easy dé, ó dé ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ, ó rọlẹ̀, àwọn panápaná rí àyè ṣiṣẹ́, ilé náà ò jó. Bàbá mi tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nínú ẹ̀gẹ́ ẹ̀, nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ń sanwó fún ewúrẹ́ kó wá jẹko, ó ní kí n tún un sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ilé yín sàn ju tiwa lọ lọ́nà yìí, búlọ́ọ̀kù àti páànù kì í tètè gbiná. Ohun tí ẹ máa wò ni pílọ́ọ̀tì tí kò tíì sẹ́ni tó kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí eèsun ti bò, tí ọyẹ́ bá dé tí ẹnì kan sì ju ṣìgá sí i. Ẹ wo pákó tó kù lẹ́yìn ìkọ́lé tí ẹ kó ti fẹ́ǹsì láti ọdún tó lọ lọ́hùn-ún, ẹ wo jálá epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé kò burú, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ ṣáà máa gé ewé gbígbẹ tó rọ̀ mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ ínṣọ́ráǹsì, mi ò ní sọ púpọ̀ torí ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára. Láti ọdún 2022 òfin California ti sọ pé iléeṣẹ́ ínṣọ́ráǹsì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ owó díẹ̀ kúrò fún onílé tó bá ṣe irú àwọn iṣẹ́ yìí, ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó ṣe é, ẹ ya fọ́tò lẹ́yìn tí ẹ ṣe é, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ sì béèrè. Wọn ò ní pè yín láti fún yín.

Ẹnì kan á ní òun ń háyà ilé ni, kò kan òun. Ó kàn yín. Ẹní ẹnu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri, páálí Amazon tó jókòó sí ìta, igi ìdáná, tiyín ni gbogbo ìyẹn, ẹ lè kó o lónìí. Gọ́tà àti ihò afẹ́fẹ́, ti láńlọ́ọ̀dù ni. Ẹ kọ ọ́ sí i ní ímeèlì, ẹ má pè é lórí fóònù, kí àkọsílẹ̀ lè wà.